Kókó kékeré tó lè gbé owó òwò mì: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀ nípa jẹjẹrẹ awọ ara tó ń jẹ́ Merkel

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó wà ní Festac, Agbójú, Mile 2 àti inú ọjà Trade Fair ló máa ń ṣírò owó tó wọlé àti èyí tó jáde lálaalẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ráyè yẹ ara tí wọ́n fi ń ṣòwò náà wò. Bí jẹnẹrétọ̀ bá yí ohùn padà, kíá ni wọ́n á pe ẹni tó ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí kókó kan bá yọ sí wọn lápá tàbí lẹ́bàá etí, tí kò dùn wọ́n, wọ́n á ní eéwo ni, yóò lọ fúnra rẹ̀. Lára irú kókó tí kì í dunni bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà ti máa ń rí ọ̀kan nínú àwọn jẹjẹrẹ awọ ara tó ṣọ̀wọ́n jù, tó sì tún le jù, ìyẹn èyí tí wọ́n ń pè ní Merkel.

Ọ̀rọ̀ ìlera ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òwò ni pẹ̀lú. Ìdí ni pé ìtọ́jú rẹ̀ kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ kan, oògùn méjì. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn náà ni aláìsàn yóò máa lọ gba ìtànṣán lójoojúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà. Ẹni tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, òun nìkan ló mọ àwọn tó ń kó ọjà fún un, òun nìkan náà ló lè gba owó jáde ní báńkì, ó yẹ kó mọ bí ìtọ́jú yìí ṣe ń lọ, iye àkókò tó ń gbà àti ibi tí owó ti ń jáde, kó tó di pé ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀.

Kí ló ń jẹ́ Merkel?

Orúkọ ọmọ Jámánì kan, Friedrich Merkel, ni wọ́n fi pè é. Ní ọdún 1875 ni ọkùnrin náà ṣàlàyé àwọn ohun tín-ín-tìn-ìn-tín kan tó wà nínú awọ ara, tí wọ́n máa ń jẹ́ kí èèyàn mọ̀ ọ́n lára bí nǹkan bá fara kàn án. Kò mọ̀ nígbà yẹn pé wọ́n máa fi orúkọ òun pe àìsàn. Ọdún 1972 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Cyril Toker tó kọ ìròyìn àkọ́kọ́ lórí jẹjẹrẹ yìí.

Ọ̀rọ̀ náà tún yí padà ní ọdún 2008. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ ìdarí Yuan Chang àti Patrick Moore, kéde pé àwọn rí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì kan nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ Merkel tí àwọn yẹ̀ wò. Ní Amẹ́ríkà, nínú mẹ́wàá, bíi mẹ́jọ ló ń ní fáírọ́ọ̀sì yìí nínú. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí sá fún aládùúgbò rẹ̀ o. Fáírọ́ọ̀sì náà wọ́pọ̀ lára ọmọ èèyàn káàkiri ayé, kì í sì í ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ní nǹkan kan. Ìgbà tí agbára tí ara fi ń gbógun ti àìsàn bá ti rẹ̀yìn, tàbí tí oòrùn bá ti jẹ awọ ara fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni wàhálà máa ń dé.

Báwo ló ṣe ṣọ̀wọ́n tó? Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, nǹkan bíi 3,000 èèyàn ló ń ní in lọ́dún, nínú orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ lé ní 330 mílíọ̀nù. Àwọn tó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, tí awọ ara wọn sì funfun, ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún àti àwọn tó ní kòkòrò HIV náà wà nínú ewu ju ẹlòmíì lọ.

Ó ṣọ̀wọ́n gan-an lára èèyàn dúdú, ṣùgbọ́n kò ní kó má mú wa rárá. Àwọn jẹjẹrẹ awọ ara mìíràn sì wà tí wọ́n mọ ilé wa dáadáa. Ọ̀kan máa ń mú àwọn àfín, pàápàá ní ojú, etí, ọrùn àti ẹ̀yìn ọwọ́ tí oòrùn ti ń jó wọn láti kékeré. Òmíràn máa ń yọ lójú egbò tó ti pẹ́ lẹ́sẹ̀ tàbí lójú àpá iná tí kò jinná délẹ̀. Àdúgbò tí jẹnẹrétọ̀ àti bẹntiróòlù wà nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì mọ ohun tí à ń pè ní iná. Ẹ̀kẹta ni melanoma, èyí tó jẹ́ pé àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná ló ti máa ń yọ sí èèyàn dúdú. Nínú gbogbo wọn, iṣẹ́ abẹ ni ìpìlẹ̀ ìtọ́jú. Bí ìtànṣán ṣe máa tẹ̀ lé e tó yàtọ̀ láti ọ̀kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ti Merkel, àwọn méjèèjì ló sábà máa ń jọ rìn.

Gbajúmọ̀ méjì, àìsàn awọ ara méjì

Ọdún 1977 ni àwọn èèyàn dúdú jákèjádò ayé péjọ sí Èkó fún àjọ̀dún àṣà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ Festac Town. Ọdún yẹn náà ni wọ́n rí melanoma lábẹ́ èékánná ọmọ ìka ẹsẹ̀ Bob Marley, olórin réggè ọmọ Jàmáíkà. Ojú ibi tó ti fara pa nídìí bọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Àwọn dókítà ní kó jẹ́ kí wọ́n gé ọmọ ìka náà, kò gbà, díẹ̀ ni wọ́n gé kúrò níbẹ̀. Àìsàn náà ràn wọ inú ara lọ, ó sì kú ní Miami ní ọjọ́ 11, oṣù karùn-ún, ọdún 1981, lẹ́ni ọdún 36. Kò kọ ìwé ìhágún sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi wà nílé ẹjọ́ lórí ohun tó fi sílẹ̀.

Ẹnì kejì ni Jimmy Buffett, ọmọ Amẹ́ríkà. Ọdún 1977 kan náà ló gbé orin rẹ̀ tó ń jẹ́ Margaritaville jáde. Ọkùnrin yìí kò fi mọ sí orin. Ní 1985, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó fi orúkọ orin náà pè ní Key West, láti ibẹ̀ ló ti di ilé oúnjẹ, ló ti di òtẹ́ẹ̀lì, títí tí ìwé ìròyìn Forbes fi kà á mọ́ àwọn tó ní bílíọ̀nù kan dọ́là ní ọdún 2023. Merkel ló mú un. Ọdún mẹ́rin ló fi bá a jà, tó ń gba ìtọ́jú, tó sì tún ń bọ́ sórí pèpéle lọ kọrin. Ó kú ní ọjọ́ kìíní, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023, lẹ́ni ọdún 76. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti ní ọ̀gá àgbà tó ń darí rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, nítorí náà nígbà tí oníṣọ́ọ̀bù lọ, ọjà kò bá a lọ.

Owó wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, dókítà tó dáa sì wà nítòsí wọn. Ohun tí oníṣòwò kékeré lè rí mú níbẹ̀ ni pé jẹjẹrẹ awọ ara kì í bẹ̀rù owó, àkókò ló ń bẹ̀rù. Èkejì ni pé bí èèyàn ṣe to iṣẹ́ rẹ̀ kó tó ṣàìsàn ló ń sọ bóyá iṣẹ́ náà á dúró tàbí á wó.

Bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀

Kókó Merkel sábà máa ń le, ó máa ń dán, ó sì lè pọ́n tàbí kó ní àwọ̀ bí ẹ̀lùlùú. Lára èèyàn dúdú, pípọ́n yẹn kì í hàn dáadáa, nítorí náà kí èèyàn má wo àwọ̀ nìkan. Ohun mẹ́rin ló yẹ kó ta èèyàn jí. Èkíní, kókó náà kì í dunni, kì í sì í yún ni. Èkejì, ó máa ń yára dàgbà, láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ẹni tó ní in á ti rí ìyàtọ̀. Ẹ̀kẹta, ọjọ́ orí ti lé ní àádọ́ta tàbí kí ara ẹni náà máà fi bẹ́ẹ̀ lágbára láti gbógun ti àìsàn. Ẹ̀kẹrin, ibi tí oòrùn ti máa ń pa èèyàn ló sábà máa ń yọ sí, bíi ojú, orí, ọrùn àti apá.

Eéwo máa ń dunni, ó máa ń gbóná, ó sì máa ń tú. Èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àìdunni yẹn gan-an ló ń tan oníṣòwò jẹ, nítorí pé ohun tí kò bá dí i lọ́wọ́ ọjà, yóò ní ó di ìparí oṣù, ìparí oṣù á di ìparí ọdún. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Oògùn kẹ́mísì tí kò mú un lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kò yẹ kí wọ́n tún rà lẹ́ẹ̀kẹta. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí wọ́n fi ohun tó ń jó awọ ara sun kókó náà, nítorí òkè nìkan ni ìyẹn ń mú kúrò, gbòǹgbò ṣì wà nísàlẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń mọ ohun tó jẹ́ ni kí dókítà gé díẹ̀ lára rẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Kò sí ẹni tó lè fojú lásán mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ abẹ: kókó nìkan kọ́ ni wọ́n ń gé

Bí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé Merkel ni, wọ́n á yẹ inú ara wò bóyá ó ti ràn. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ abẹ. Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni bí ojú ibi tí wọ́n gé ṣe máa ń tóbi ju kókó náà lọ. Kókó lè má ju èkùrọ́ kan lọ, dókítà á sì tún gé bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì yí i ká. Kì í ṣe àṣejù. Jẹjẹrẹ yìí máa ń na ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí sábẹ́ awọ ara tó wà nítòsí.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, wọ́n sábà máa ń wá àwọn kókó kéékèèké tí Ọlọ́run dá mọ́ ara ní abíyá, ọrùn tàbí àárín itan. Àwọn ni ẹnu ibodè ara. Bí jẹjẹrẹ bá fẹ́ rìnrìn àjò, ọ̀dọ̀ wọn ló máa ń kọ́kọ́ yà sí. Dókítà á fi ohun aláwọ̀ tàbí oògùn kan wá èyí tó sún mọ́ ojú àìsàn jù, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá bá jẹjẹrẹ níbẹ̀, ìtọ́jú á gbòòrò dé ibẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà nínú kí wọ́n tètè rí i àti kí wọ́n má tètè rí i kò kéré. Nínú àwọn tí wọ́n bá a lójú kan ṣoṣo, ju ìdajì lọ ló máa ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Nínú àwọn tó ti ràn dé ẹ̀dọ̀, egungun tàbí ẹ̀dọ̀fóró wọn kó tó di pé wọ́n rí i, kì í tó ìdá mẹ́ta.

Ìtànṣán: ọgbọ̀n ọjọ́ tí kò yẹ kó já

Lẹ́yìn tí ojú abẹ bá ti san, ìtànṣán ló kàn. Ẹ̀rọ ńlá kan ló máa ń rọ ìtànṣán alágbára sójú ibi tí wọ́n gé, kó lè pa ìyókù jẹjẹrẹ tí ọ̀bẹ kò rí. Merkel wà lára àwọn jẹjẹrẹ tí ìtànṣán tètè ń ràn, ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn dókítà kì í fẹ́ fi í sílẹ̀. Bí àìlera kan kò bá jẹ́ kí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹnìkan, ìtànṣán nìkan náà ni wọ́n máa ń lò nígbà mìíràn.

Wọ́n kì í rọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gray ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán. Ti Merkel sábà máa ń wà láàrin 50 sí 60 Gray, wọ́n á sì máa fún aláìsàn ní 2 Gray lóòjọ́, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ìyẹn jẹ́ ọjọ́ 25 sí 30, tí í ṣe ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà. Ìdí tí wọ́n fi ń pín in ni kí awọ ara tó dáa lè máa rí ààyè sinmi láàrin ọjọ́ kan sí èkejì, nígbà tí jẹjẹrẹ kò mọ bí a ṣe ń sinmi.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, aláìsàn á kọ́kọ́ lọ fún ìwọ̀n. Wọ́n á ya àwòrán inú ara rẹ̀, wọ́n á fàmì sí awọ ara rẹ̀, wọ́n á sì ní kó má fọ àmì náà dànù. Bó bá jẹ́ ojú tàbí orí ni, wọ́n lè ṣe ìbòjú kan tí yóò bá ojú rẹ̀ mu, kó má baà mira. Lọ́jọ́ ìtọ́jú, ìtànṣán fúnra rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kì í sì í dunni. Aláìsàn kò ní máa gbé ìtànṣán kiri lẹ́yìn ìyẹn, ó lè gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì lè dá oníbàárà lóhùn.

Ìnira rẹ̀ máa ń hàn díẹ̀díẹ̀. Ojú ibẹ̀ lè dúdú, kó yún, kó sì bó bí ẹni tí omi gbígbóná ta sí lára. Ó sì máa ń rẹ èèyàn, pàápàá láti ọ̀sẹ̀ kẹta. Irun ojú ibi tí ìtànṣán bá kàn nìkan ló máa ń re. Kí wọ́n má fi ìpara kankan sí i láìjẹ́ pé àwọn nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì máa bo ibẹ̀ fún oòrùn.

Ọ̀rọ̀ kọntéénà tó dé èbúté

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí. Wọ́n á ta ọjà, wọ́n á kó àjọ, wọ́n á fi san owó iṣẹ́ abẹ. Bí kókó bá ti kúrò lójú, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì ní kí àwọn kọ́kọ́ padà sídìí ọjà wá owó ìtànṣán. Oṣù kan á di mẹ́ta. Kí owó tó pé, kókó mìíràn á ti yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá, iṣẹ́ abẹ mìíràn á sì tún pọn dandan.

Gbogbo ẹni tó bá ń kó ọjà gba èbúté Tin Can mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Kò sí oníṣòwò tó gbọ́n tó máa san owó ọjà ní Ṣáínà, tó máa san owó ọkọ̀ ojú omi, tí kò ní fi owó tí wọ́n fi ń gba kọntéénà jáde sọ́wọ́. Bí kọntéénà bá ti ń sùn ní èbúté, owó ìtanràn ń gorí ara wọn lójoojúmọ́, títí tí yóò fi ju èrè ọjà lọ. Iṣẹ́ abẹ àti ìtànṣán, ọjà kan ṣoṣo ni wọ́n. Kí èèyàn béèrè iye àwọn méjèèjì pa pọ̀ kó tó san kọ́bọ̀, títí kan owó àyẹ̀wò, owó àwòrán àti owó oògùn. Kó sì béèrè bóyá wọ́n lè gba owó ìtànṣán díẹ̀díẹ̀, nítorí pé èyí tó bá já láàrin kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Láti Festac sí Ìdí-Àràbà

Ní ìgbà kan, ẹ̀rọ ìtànṣán tó wà ní Nàìjíríà kò tó nǹkan, èyí tó wà sì máa ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́, débi pé Gánà tàbí Íńdíà ni àwọn olówó ń sá lọ. Nǹkan yí padà díẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, ọdún 2019, nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH nínú ọgbà ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà. Àjọ NSIA, tó ń bá ìjọba àpapọ̀ fi owó dókòwò, ló ná mílíọ̀nù 11 dọ́là lé e lórí. Ilé ìtọ́jú aládàáni tó ní ẹ̀rọ ìtànṣán náà wà ní Victoria Island, bíi Marcelle Ruth.

Ẹni tó ń gbé ní Festac lè bọ́ sí Mile 2, kó wọkọ̀ gba ọ̀nà Òṣòdì dé Cele, kó tó wọ òmíràn lọ sí Lawanson àti Ìdí-Àràbà. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ Victoria Island lè wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line láti Mile 2 dé Marina, èyí tó ti ń gbé èrò láti ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023, kó tó wọkọ̀ débi tó ń lọ. Sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ kò mọ aláìsàn, nítorí náà kí èèyàn bẹ̀bẹ̀ fún àkókò tí ojú ọ̀nà máa ń dá.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣírò rẹ̀. Ká ní obìnrin kan ń ta ohun èlò ìdáná ní 23 Road, tó ń jèrè 15,000 náírà lóòjọ́. Bó bá ń ná 4,000 náírà lọ-bọ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, 120,000 náírà nìyẹn. Bí àìsí nídìí ọjà bá jẹ́ kí èrè rẹ̀ fi ìdajì wálẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn, 225,000 náírà tún lọ. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 345,000 náírà, kò sì tíì san kọ́bọ̀ fún ilé ìwòsàn. Owó yìí kì í sí nínú ìwé tí dókítà máa ń fún èèyàn, òun gan-an ló sì ń mú kí ọ̀pọ̀ dá ìtọ́jú dúró ní ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ṣé adójútòfò lè gbé e?

Ní ọjọ́ 19, oṣù karùn-ún, ọdún 2022 ni Buhari fọwọ́ sí òfin tó dá àjọ NHIA sílẹ̀, tó sì sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2015, òun ló bí ètò Ìlera Èkó tí àjọ LASHMA ń bójú tó. Ní oṣù keje, ọdún 2024, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu fọwọ́ sí àṣẹ tó sọ ọ́ di dandan ní ìpínlẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé káàdì adójútòfò kan máa san gbogbo owó jẹjẹrẹ. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ, ti ọyàn, ti ẹnu ilé ọmọ àti ti prostate ọkùnrin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ti awọ ara. Nítorí náà, kí oníṣòwò tó ń forúkọ sílẹ̀ béèrè ìbéèrè mẹ́rin kó tó sanwó: Ṣé ètò yìí ń san owó iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ? Ṣé ó ń san owó ìtànṣán, ẹ̀ẹ̀melòó sì ni? Èló ni òdiwọ̀n owó tó lè ná lé èèyàn lórí lọ́dún? Oṣù mélòó ni èèyàn máa fi dúró kó tó lè jẹ àǹfààní rẹ̀? Bí adójútòfò náà bá tilẹ̀ san owó àyẹ̀wò àti ti iṣẹ́ abẹ nìkan, ẹrù ti fúyẹ́. Ìgbà tí ara bá le sì ni wọ́n ń rà á.

Kí ṣọ́ọ̀bù lè dúró bí ọ̀gá kò bá sí

Àwọn nǹkan kan wà tí kò ní ná oníṣòwò lówó púpọ̀, tí yóò sì gba òwò là. Kí ìwé ọjà wà níta gbangba fún ẹnìkan tó fọkàn tán: ta ló jẹ wá ní gbèsè, ta ni a jẹ, ọ̀dọ̀ ta la ti ń kó ọjà ní Trade Fair, èló la ń rà á. Kí ẹnìkejì tó lè fọwọ́ sí owó wà ní báńkì, pẹ̀lú òdiwọ̀n iye tó lè gbà. Kí ọmọ iṣẹ́ kan mọ iṣẹ́ náà dé ìdajì ó kéré tán. Bí àìsàn bá sì ti dé, kí wọ́n tètè sọ fún àwọn tó ń fún wọn lọ́jà ní àwìn àti onílé ṣọ́ọ̀bù, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ṣáájú máa ń ní sùúrù ju ẹni tó ń wá gbèsè rẹ̀ kiri lọ.

Òmíràn ni ìforúkọsílẹ̀ ní CAC. Orúkọ òwò lásán kò ya oníṣòwò sọ́tọ̀ kúrò lára òwò rẹ̀, èèyàn kan náà ni òfin ń kà wọ́n sí, gbèsè òwò sì lè wọlé dé orí ilé tó ń gbé. Ilé iṣẹ́ tó jẹ́ Limited yàtọ̀, kì í bá oní-nǹkan kú. Òfin CAMA tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ keje, oṣù kẹjọ, ọdún 2020 sì ti fàyè gba ẹnìkan ṣoṣo láti dá irú ilé iṣẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ìwé ìhágún náà kì í ṣe ti olówó nìkan. Bí ẹni tó ni owó bá kú láìkọ ọ́, báńkì kò ní fún ẹnikẹ́ni ní owó rẹ̀ títí wọ́n á fi gbàwé àṣẹ wá láti ilé ẹjọ́, ọjà tó wà nílẹ̀ á sì ti bàjẹ́ kó tó dìgbà yẹn.

Lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá ti parí ńkọ́?

Iṣẹ́ kò tíì tán. Bí Merkel bá máa padà, láàrin ọdún méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sábà máa ń padà, nítorí náà àwọn dókítà á máa pe aláìsàn ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Kí ẹni náà fúnra rẹ̀ máa fọwọ́ yẹ ojú àpá, abíyá àti àárín itan wò lóṣooṣù. Bó bá ti ràn, àwọn oògùn tuntun wà tí wọ́n ń ran ara lọ́wọ́ láti bá jẹjẹrẹ jà. Àkọ́kọ́ nínú wọn fún Merkel ni avelumab, tí àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù kẹta, ọdún 2017. Ó ti gba ọ̀pọ̀ là, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré. Iṣẹ́ abẹ àti ìtànṣán tí wọ́n bá ṣe lásìkò ló dín jù lówó.

Kí oníṣòwò ya ìṣẹ́jú márùn-ún sọ́tọ̀ lóṣù, kó wo ara rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ níwájú dígí, kó sì ní kí ẹlòmíì bá òun wo ẹ̀yìn. Kókó tó ń dàgbà, tí kò dunni, tí kò sì lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bó bá jẹ́ kókó ọ̀rá lásán ni, owó àyẹ̀wò nìkan ló lọ. Bó bá jẹ́ ohun mìíràn ni, èrè tó jáde lọ́jọ́ yẹn kò sí nínú ìwé ìṣirò kankan. Ìlera lọrọ̀, oníṣòwò ló sì yẹ kó kọ́kọ́ mọ ìtumọ̀ ọrọ̀.